Bí A Ṣe Ń To Àwọ̀ Òdòdó Bí Ẹni Ń Hun Aṣọ Òfì

Iṣẹ́ òdòdó kẹta tí mo gbà ní Ìlọrin ló là mí lójú. Ilé Alájì kan ní Tanke ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun fẹ́ǹsì rẹ̀ ní ọ̀dà pupa tó dà bí ìkòkò tí wọ́n sun, èmi náà bá lọ ra ixora pupa 24, mo gbìn ín lẹ́sẹẹsẹ síwájú fẹ́ǹsì náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tanná tán, Alájì yọjú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wò ó títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, òdòdó tí mo sanwó rẹ̀ dà?" Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, sà." Ó ní kí n gòkè wá fi hàn òun. Mo gòkè, mo dúró síbi tó dúró sí, èmi gan-an ò rí nǹkan kan. Pupa ti gbé pupa mì.

Kò sóhun tó ṣe ixora náà. Èmi ni mo rà á láì ro ti ògiri tó máa dúró tì. Mo hú u, mo kó o lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ògiri ti funfun, mo fi yellow bush, ewéko tí ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, rọ́pò rẹ̀ níwájú. Àpò mi ni owó ìyẹn ti jáde.

Ẹni tó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀ kì í ṣe olódòdó rárá. Bàbá ahunṣọ kan ni, nínú àwọn tó ń hun aṣọ òfì nílùú yìí. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí mo ń dúró de ẹnì kan. Òwú aró àti òwú pupa ló nà síwájú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì kanra. Fọ́nrán funfun mẹ́rin ló fi là wọ́n láàárín. Mo ní, "Bàbá, kí ni ti funfun yìí?" Ó ní, "Tí n bá yọ ọ́, wọ́n á máa jà. Wò ó." Ó fi àtàǹpàkò tẹ funfun náà mọ́lẹ̀ títí pupa fi kan aró. Lóòótọ́, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú mi bí omi tó fẹ́ hó. Ó gbé àtàǹpàkò kúrò, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló gbé onímọ̀ kẹ́míkà kan lọ́kàn ní ilẹ̀ Faransé láyé ọjọ́un. Michel Eugène Chevreul lorúkọ rẹ̀. Ní 1824 ni wọ́n fi í ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun àwọn aṣọ ńlá tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Àwọn èèyàn ń ṣàròyé pé òwú dúdú ibẹ̀ ò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, aró ò ní àléébù. Àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúdú ló ń pa dúdú náà kú. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1839, ó sì sọ nínú rẹ̀ bó ṣe kan òdòdó inú ọgbà. Òwú ni o, ewé ni o, ojú kan náà la fi ń wò ó.

Bí mo ṣe ń ṣe é wá nìyí, látorí ìjókòó wíwo ilé títí dórí gígé ẹ̀ka.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilé

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ olódòdó. Ẹ gbé àga síta, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti máa ń wo iwájú ilé yín gan-an. Fún ẹlòmíì, ojú fèrèsé pálọ̀ ni. Fún ẹlòmíì, ìdí géètì ni. Ẹ mú bíírò, kí ẹ kọ àwọ̀ ògiri sílẹ̀, ti páànù, ti géètì, ti ilẹ̀.

Ní Ìlọrin, ẹ kọ eruku mọ́ ọn. Ilẹ̀ wa pupa. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, eruku yẹn á bo ìdí ògiri, á bo ewé, á bo íńtálọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá gbìn òdòdó tó dà bí ilẹ̀ náà sórí ilẹ̀ náà ti fowó ṣòfò. Ní ìhà Ìgbómìnà, ní Òmù-Àrán tàbí Òró, ibẹ̀ sábà máa ń tutù yọ̀yọ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa ò kúkú jìnnà síbẹ̀ náà.

Tí ògiri bá funfun tàbí tó dà bí ọ̀rá wàrà, inú yín á dùn, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òdòdó tí kì í yọ lára rẹ̀. Tí ó bá pupa tàbí tó dà bí amọ̀ sísun, ẹ yọ òdòdó pupa kúrò lọ́kàn níbẹ̀, kí ẹ mú ewé tó mọ́ tàbí ewé dúdú, pẹ̀lú funfun. Àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kùn ní àwọ̀ eérú báyìí tún wá dára jù lójú tèmi: ewé tó pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń tàn lára wọn bí àtùpà.

Ohun kan tún wà tí èèyàn kì í bèèrè: ìgbà wo lẹ máa ń wà nílé? Oòrùn ọ̀sán wa máa ń fọ àwọ̀ tó bá ṣá. Píǹkì tó rọra mọ́ ní àárọ̀, tó bá di àsìkò ìrun àílà, ẹ ò ní rí i mọ́. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú, pupa ló ń kọ́kọ́ dúdú, funfun ló ń kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde láàárọ̀ kùtù, tó ń wọlé ní ìgbà tí wọ́n ń pèrun mọ̀gáríbì, tó wá gbìn òdòdó pupa fòò yí ilé ká, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló gbìn ín fún. Funfun àti ìyeyè tó mọ́ ni kó gbìn.

Agboolé mẹ́ta

Ilé-ìwé kọ́ wa ní àwọ̀ méje inú òṣùmàrè. Èdè wa fi mẹ́ta ṣe òpó: funfun, pupa, dúdú. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé baba wa ò mọ àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Agboolé pupa gbòòrò. Ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, a sì ń pe ti inú ẹyin ní pupa ẹyin. Pupa fòò, omi ọsàn, ìyeyè, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹ lè to gbogbo wọn sójú kan kí ìjà má sí, pàápàá tí ẹ bá tò wọ́n bí àtẹ̀gùn: ìyeyè, ọsàn, pupa. Pupa máa ń sún mọ́ni. Ibi tí ẹ bá fi í sí á dà bíi pé ó wà nítòsí ju bó ṣe wà lọ.

Agboolé dúdú ni ti ewé. Nígbà tí ẹ̀fọ́ bá jẹ ajílẹ̀ dáadáa, a ní ó dúdú. Aró wà níbẹ̀, àti ewé tó pọ́n títí tó fi ń dúdú. Àwọn wọ̀nyí máa ń sún sẹ́yìn. Tí iwájú ilé yín bá kéré, ẹ kó dúdú sí ìdí fẹ́ǹsì lọ́hùn-ún, kí ẹ kó pupa sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn níbí. Ilẹ̀ náà á gùn lójú àlejò.

Funfun ni onílàjà. Ẹfun, eérú, ewé tó ní ìlà funfun, òdòdó funfun, gbogbo wọn ló ń ṣe iṣẹ́ fọ́nrán mẹ́rin tí bàbá yẹn fi la òwú.

Tí ẹ bá fẹ́ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ewé kan ṣoṣo, ẹ wo lẹ́funlósùn, ẹbí kókò tó máa ń hù tí òjò bá ti dé. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ó ní ẹfun, ó ní osùn. Dúdú ni ó fi ṣe ilẹ̀, pupa wà ní àárín, ẹfun wọ́n káàkiri. Iye dúdú ló pọ̀ jù, ti pupa tẹ̀ lé e, ẹfun kéré. Èmi ò tíì rí ẹni tó to àwọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má ṣe fi í sí ibi tí ọmọdé ti lè jẹ ẹ́ lẹ́nu o, ó máa ń ta ahọ́n, ó sì ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Oníjàngbọ̀n ilé ni elésè àlùkò, pàápàá èyí tó pọ́n bí òdòdó bougainvillea tó pọ̀ jù nílùú wa. Ìyá rẹ̀ pupa, bàbá rẹ̀ dúdú, kò sì gbà pé òun jẹ́ ti ẹnì kankan. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó aláwọ̀ ọsàn, àwọn méjèèjì á bàjẹ́. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ funfun tàbí ewé dúdú, á fi ara balẹ̀. Tó bá jẹ́ àlùkò tó dúdú kirimú ni, ó máa ń bá ìyeyè ṣe dáadáa, torí àwọn méjèèjì dojú kọra, ọ̀kan ń gbé èkejì yọ.

Ilẹ̀ aṣọ ṣáájú ìlà

Ẹtù aláró, àlàárì pupa, sányán: tí a bá ti dárúkọ aṣọ, ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọ̀ tó gbà á jù, la ti dárúkọ. Ìlà ò tíì wọ ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọgbà ti ń bàjẹ́ nìyí, nítorí ìlà nìkan ni wọ́n rà. Onílé á lọ sọ́dọ̀ olódòdó, á mú ọ̀kan nínú gbogbo ohun tó bá rí tó dára, á wá gbìn ín bí ìgbà tí wọ́n da ọjà kalẹ̀ ní Ìpàta.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀rá òdòdó 20, ẹ jẹ́ kí 12 jẹ́ ilẹ̀ aṣọ, 6 jẹ́ ìlà, 2 jẹ́ ohun tó ń pe ojú. Kì í ṣe òfin tó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, àmọ́ ìgbà tí mo bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ jìnnà ni mo máa ń kábàámọ̀.

Fún ògiri funfun, mo fẹ́ràn ọgbà àlàárì. Croton àti acalypha pupa, àwọn ewéko tí ewé wọn gan-an ló ń pọ́n, ni ilẹ̀ aṣọ, yellow bush tí wọ́n gé kúkurú ni ìlà níwájú wọn, ixora funfun méjì sì ni ti ojú.

Fún ògiri pupa tàbí ibi tí eruku ti pọ̀, ọgbà ẹtù ni. Èyí ni mo ti ṣe jù ní Ìlọrin, òun ni mo sì mọ ìdí rẹ̀ jù. Ẹ to Thunbergia erecta sẹ́yìn. Ó ní òdòdó aláró tí ọ̀fun rẹ̀ dà bí pupa ẹyin, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni orísun rẹ̀, nítorí náà kì í bẹ̀rù ilẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá rí i, kó gbìn ewúro, kó máa gé e bí ọgbà. Ó dúdú dáadáa, ọbẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ẹ gbìn purple heart, èyí tí gbogbo ewé rẹ̀ jẹ́ àlùkò dúdú, tó ń rá lórí ilẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni funfun máa wọlé: ewé spider plant onílà funfun, tàbí periwinkle funfun. Ìyeyè kan péré ló kù. Allamanda kan ní igun tó sún mọ́ géètì ti tó. Ẹ má fi kún un. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín.

Ọgbà sányán ni ti ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ibi tí àwọ̀ kankan kì í pariwo, tí gbogbo rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Koríko ọba, ewé tí etí rẹ̀ funfun, odúndún nínú ìkòkò amọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ìkòkò, ẹ dé Òkèléle, ní ìhà Dada, níbi tí àwọn ìyá ti ń fi ọwọ́ mọ ọ́n. Ìkòkò amọ̀ ò ń bá òdòdó jà bí ike aláwọ̀ búlúù ti ń bá a jà.

Ewé ni kí ẹ rà, òdòdó á tẹ̀ lé e

Ọjọ́ mélòó ni ixora fi ń tanná? Ó máa ń pẹ́, mo gbà. Ọjọ́ mélòó wá ni croton fi ń pọ́n? Gbogbo ọdún. Níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gba oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, ewé ló ń gbé ọgbà ró. Òdòdó ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ rántí pé abẹ́ igi ni wọ́n sábà ń tẹ́ ẹ sí. Òjìji ń yí àwọ̀ padà. Croton tó wà lábẹ́ òjìji fún oṣù mẹ́ta á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ewé lásán, yellow bush náà á ti dúdú, ẹ ó sì rò pé kò dára. Ẹ gbé e jáde sí oòrùn, ewé tó bá yọ tuntun ni yóò sọ òótọ́. Lẹ́funlósùn ní tirẹ̀, òdìkejì ni: oòrùn ọ̀sán á jó o, abẹ́ igi ló fẹ́.

Bougainvillea, ẹ má rà á láìtanná. Mo ti ra mẹ́ta rí tí ẹni tó tà á búra pé funfun ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pọ́n bí àlùkò, ọ̀kan dà bí ọsàn, gbogbo wọn lórí fẹ́ǹsì kan náà. Ohun tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ gan-an, ewé ni. Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ó rí òdòdó tòótọ́, kékeré, funfun, bí ẹnu fèrè. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pẹ́. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń ṣe fáàrí, tí omi bá pọ̀ jù tàbí tí ẹ bá da ìgbẹ́ adìyẹ sí i lọ́pọ̀, ewé nìkan ni yóò máa fi yín ṣeré.

Ẹ má gbàgbé àwọn tiwa. Pèrègún dúró ṣánṣán, ó ń ṣe òpó fún ojú. Èyí tí ewé rẹ̀ pupa, tí àwa ń pè ní pèrègún pupa, ń ṣe iṣẹ́ tí croton mẹ́ta ò lè ṣe tí ẹ bá gbé ọ̀kan sáàárín ewé dúdú. Ìdò máa ń ta òdòdó pupa tàbí ìyeyè, ó fẹ́ràn ibi tí omi bá ń dúró sí, bí ìdí ẹ̀rọ omi. Ìṣápá pupa tẹ́ ẹ bá gbìn lásìkò òjò, ọ̀pá rẹ̀ á pọ́n, èso rẹ̀ á tún pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó fi se zóbò, ẹ ó hú u nígbà tó bá gbẹ. Mo máa ń fi í dí ibi tí òdòdó tó ń lọ́ra dàgbà kò tíì kún. Órúrù rẹwà nígbà tó bá tan iná pupa rẹ̀ lókè, àmọ́ igi ńlá ni, ẹ jẹ́ kó wà lóko.

Ẹni tó ní ewúrẹ́ tàbí màlúù nílé, kó ṣọ́ra fún lantana. Òdòdó rẹ̀ dára gan-an, ìyeyè, ọsàn àti pupa lórí kan ṣoṣo, àmọ́ ó lóró fún ẹran. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà tí àwọn baba wa ń dán nílùú yìí láyé àtijọ́ ni mò ń wí o, orúkọ ló jọra. Oleander náà lóró, fún ẹran àti fún èèyàn. Ní ti hibiscus, àgbò Iléyá kan tí wọ́n so mọ́ tòsí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan péré ló jẹ gbogbo hibiscus tí mo fi ọdún kan tọ́. Kò sóhun tó ṣe àgbò náà. Wọ́n pa á lọ́jọ́ kẹta, wọ́n sì fún mi nínú ẹran rẹ̀.

Ẹ fi àkísà dán an wò

Èyí ni ohun tí mi ò rí kí olódòdó mìíràn ṣe, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ yín, ẹ ní kó fún yín ní àjákù aṣọ tí kò ní àwòrán: pupa, ìyeyè, funfun, àlùkò, ewé. Ẹ gé igi tó ga tó bí òdòdó kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ga tó bá dàgbà, ẹ di aṣọ mọ́ ọn lórí, ẹ ri wọ́n mọ́lẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan, ẹ wò ó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Alájà kan ní GRA ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bougainvillea àlùkò àti ixora aláwọ̀ ọsàn lòun fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì géètì. Mo ní, "Alájà, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ dán an wò ná." Wọ́n ní ṣé eré ọmọdé ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ri igi mẹ́fà mọ́lẹ̀, mo lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, àkísà ọsàn ti kúrò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wà lọ́wọ́ ọmọ ilé tó ń fi nu mọ́tò. Alájà ní, "Ó dà bí gèlè ẹni kan lórí aṣọ ẹlòmíì. Kí lo sọ pé ó bá a mu?" Funfun la padà fi síbẹ̀.

Àwọn aládùúgbò á bi yín pé kí ni ti àkísà. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn.

Gbígbìn

Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó jinlẹ̀, bóyá ní àárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró di oṣù kẹwàá, gbòǹgbò ò ní tíì rìn kí ọyẹ́ tó dé bá a.

Ẹ to àwọn ọ̀rá náà sórí ilẹ̀ ná kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan. Ẹ kó irú kan náà jọ ní mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ẹ má tò wọ́n ní ọ̀kan pupa, ọ̀kan ìyeyè, ọ̀kan pupa, ọ̀kan ìyeyè bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé. Ojú ò ní mọ ibi tó máa bà sí. Gíga wà lẹ́yìn, kúkurú wà níwájú. Ixora gba ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ara wọn, yellow bush tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe etí ọgbà gba ẹsẹ̀ bàtà 1, croton gba 3. Bougainvillea, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà, nítorí ẹ̀gún.

Sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Ìdí fẹ́ǹsì ni àwọn bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí, ibẹ̀ náà la sì ń gbìn òdòdó sí. Ixora kò fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ á di ìyeyè, iṣan inú ewé nìkan ni yóò dúdú, àwọn kan á sì máa da ajílẹ̀ sí i láìmọ̀ pé àìrí irin fà mu nínú ilẹ̀ ló ń bá a jà. Àwọ̀ tí ẹ fẹ́ hun ti yí padà láìròtẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbẹ́ ihò náà dé ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ kó gbogbo àfọ́kù jáde, ẹ kó ilẹ̀ oko àti ewé jíjẹrà wọlé, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ dáadáa. Ẹ bomi rin ín. Ó tán.

Bí ẹ ṣe máa pa àwọ̀ náà mọ́

Tí ẹ bá rí ẹ̀ka kan tó yọ dúdú lásán lára ewé onílà funfun tàbí lára yellow bush, ẹ gé e láti ìdí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lágbára ju àwọn yòókù lọ, yóò sì gba gbogbo rẹ̀ tó bá pẹ́. Yellow bush fẹ́ àlùmọ́gàjí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà òjò, torí ewé tuntun ló ń mọ́ jù. Ixora àti bougainvillea, ẹ dúró kí wọ́n tanná tán kí ẹ tó gé wọn, kí ẹ má bàa gé òdòdó tí kò tíì yọ dànù.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kí ẹ sì máa fi omi fọ ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ croton tí ẹ rò pé ó ti ṣá, eruku ló bò ó. Lẹ́funlósùn á wọlẹ̀ pátápátá lásìkò yẹn, ẹ má hú u, ẹ fi igi kékeré ṣàmì síbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ á pè é jáde.

Ẹ̀ka tí ẹ gé, ẹ má dà á nù. Ẹ gé croton, acalypha, purple heart àti bougainvillea sí nǹkan bí íǹṣì 6, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ ri wọ́n sínú ọ̀rá tó ní yanrìn díẹ̀, ẹ gbé wọn sábẹ́ òjìji, kí ilẹ̀ rẹ̀ má gbẹ. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ ó ní òdòdó tí ẹ máa fún aládùúgbò tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ àkísà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó kúrò nídìí wọn, torí igi bougainvillea pupa àti ti funfun jọra tí kò bá tíì tanná: ẹ di òwú mọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, òwú pupa fún ti pupa, funfun fún ti funfun, àlùkò fún ti àlùkò.